Mẹ́sàn-án Méjì Láàárín Ẹni Mẹ́ta

"Tún un sọ kí n gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Lọ́dún tó kọjá, káàdì ayaba méjì wà lọ́wọ́ rẹ. Bọ́tìnì mélòó lo fi sílẹ̀?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan péré. Kí lo rò pé ò ń ṣe?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n sá ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá fi púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan gidi wà lọ́wọ́ mi."

"Wọn ò sì sá."

"Wọn ò sá."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀yìn tì, wọ́n na ẹsẹ̀. Ta ló wá kó gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn?"

"Alápò ibi iṣẹ́ wa ni. Mẹ́rin àti méje ló mú dání. Mẹ́rin bọ́ sílẹ̀, méje náà bọ́ sílẹ̀."

"Mẹ́rin àti méje." Ẹ̀gbọ́n yí imú pọ̀ bí ẹni tó gbóòórùn ẹja àná. "Ohun tí kò yẹ kó dé ẹnu ọ̀nà, ìwọ lo fi bọ́tìnì kan ṣoṣo ra àga fún un."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà jókòó sí yàrá iwájú nínú yàrá méjì tí wọ́n jọ ń gbé láti ìgbà tí ọkọ àbúrò ti kú. Wọ́n gbé pákó ìlọṣọ lé orí àga méjì, wọ́n sì tẹ́ káàdì sórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mọ ọ̀rọ̀ náà dunjú: ọdún mọ́kànlá ni ó fi pín káàdì fún àwọn oníṣòwò ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òtẹ́ẹ̀lì kan, kí ẹ̀yìn ríro tó lé e wá sílé. Kò ta káàdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. A máa ní ẹni tó ń bu oúnjẹ ló mọ alájẹjù.

Àbúrò ni wọ́n ń pè ní Ìyá Kọ́là ní ilé ìránṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé kọ́là ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ni ó ń rán láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọgọ́rin lóòjọ́, ọgọ́fà nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé. Ní ilé iṣẹ́ náà, ìsinmi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń kan òṣìṣẹ́ lọ́dún, nínú oṣù tó ṣáájú ìgbà tí iṣẹ́ yóò pọ̀, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ lọ kí ẹnì kejì tó dé. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀gá àtijọ́ tó dá ilé náà sílẹ̀ ti rí i pé kò sí bí òun ṣe lè pín in kí ẹnì kan má sunkún, ó sì fi àṣẹ lélẹ̀ pé kí wọ́n fi póka, eré káàdì, pín in láàárín ara wọn, kí wọ́n fi bọ́tìnì tó ṣẹ́kù sínú agolo ta á. Ẹni tí bọ́tìnì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò kọ́kọ́ yan ọ̀sẹ̀ tó wù ú. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Ìyá Kọ́là ti mú èyí tó kù.

Ọdún mẹ́ta wọ̀nyẹn kò dùn ún. Ti ọdún yìí ló ń gba oorun lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti rí i kẹ́yìn. Ó wá ránṣẹ́ pé ọkọ̀ àwọn yóò gúnlẹ̀ ní èbúté ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù tó ń bọ̀, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn wọn yóò kọjá sí apá ibòmíràn láyé, òun kò sì lè sọ ọdún tí àwọn yóò padà. Èbúté náà jìnnà, bọ́ọ̀sì a máa fi odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn gan-an ni ìjọba sì kó ọjọ́ ìsinmi méjì sí, tí ọjọ́ méje fi di mẹ́sàn-án, tí gbogbo ilé ìránṣọ fi ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo ẹran orí àjà.

"Ṣé o mọ ohun tó ń ba tìrẹ jẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Bí o bá rán kọ́là tán, kí lo máa ń ṣe sí i?"

"Mo máa ń yí i padà, kí ojú ìrán lè wọnú."

"Kí ẹnikẹ́ni má bàa rí òwú."

"Kọ́là tí a rí òwú rẹ̀, àléébù ni."

"Ó dára lára aṣọ. Ìwọ wá ń ta káàdì bí ẹni ń rán kọ́là. Gbogbo ohun tó bá ti dára lọ́wọ́ rẹ, o ti yí i sínú." Ẹ̀gbọ́n ṣí ayaba méjì sílẹ̀ lórí pákó. "Kí lẹ ń pe méjì tó dọ́gba bí èyí?"

"Ìbejì ni."

"Ìbejì ọjọ́ mẹ́jọ ni. A ti bí wọn, ayọ̀ ti wọlé, ṣùgbọ́n ọrùn wọn ò tíì le. A kì í gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ sáàárín èrò ká ní à ń ṣe sùúrù. Bí ẹnì kan bá ń lé ọ, o lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹni mẹ́ta bá ń lé ọ, bí o tilẹ̀ yára ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ, ọ̀kan á gbá ọ lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣí, kí káàdì àárín tó hàn, sọ iye tí wíwọlé jẹ́. Sọ ọ́ kó le. Alákàádì mẹ́rin-àti-méje á dìde lọ."

"Bí gbogbo wọn bá wá dìde ńkọ́? Kékeré ni mo máa rí kó."

"Kó kékeré. Ṣé o ti rí ẹni tí kékeré pa rí?"

Ìyá Kọ́là rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Apá kejì ló le. Bí ilẹ̀ bá wá ṣí, tí kò dára fún ọ, tí ẹni méjì sì ń bá ara wọn du ohun tó wà láàárín, kí lo máa ṣe?"

"Bó bá jẹ́ ọba méjì ló wà lọ́wọ́ mi, màá dúró."

"O máa jù ú sílẹ̀."

"Ọba méjì?"

"Ọba méjì. Ẹni méjì kì í ṣe wèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ní láti mọ ohun tó ń ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó máa dùn mí."

"Jẹ́ kó dùn ọ́. Ẹni tí nǹkan ń dùn ṣì lè wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tí bọ́tìnì rẹ̀ bá tán ni kò ní rí bọ́ọ̀sì wọ̀."

* * *

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, wọ́n kó ìrépé aṣọ kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ, wọ́n sì jókòó yí i ká. Àwọn maṣíìnì dákẹ́. Baba Áyọ́ọ̀nù, tó ń lọ aṣọ láti ìgbà ayé ọ̀gá àtijọ́, ni ó ń pín káàdì. Òun kì í ta, nítorí kì í lọ ìsinmi. A máa ní iná tó wà nílé òun gbóná ju ti áyọ́ọ̀nù lọ. Ó ka ogójì bọ́tìnì síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì wo aago orí ìlẹ̀kùn.

"Wákàtí kan," ni ó wí. "Ẹ rántí òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ ṣe títí a ó fi kọ orúkọ sínú ìwé, a kì í sì í pààrọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà."

"Baba, ta ni ẹ ń wò?" ni Agéṣọ bi í. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, òun ló ń gé gbogbo aṣọ ilé náà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ.

"Ìwọ ni mo ń wò. Ní ọdún tí a ní kí kálukú ro ẹjọ́ ìdí tó fi fẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ àgbà kú lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Ọ̀gá," ni Alápò wí. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń rán ṣòkòtò tó sì ń kan àpò mọ́ ọn ni. "Èmi ni mo dá owó òkú ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Àǹtí Páálí nìkan ni kò dá sí i. Òun ló ń ká aṣọ tó sì ń dì í sínú páálí. Bó ti wù kí ẹ̀rín pọ̀ tó, ojú rẹ̀ kì í yí padà. Àwọn tó bá a ta káàdì ní ó rọrùn láti ka ògiri jù ú lọ.

Eré náà kò ṣòro. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi bọ́tìnì kan sílẹ̀, yóò gba káàdì méjì tí òun nìkan rí. Lẹ́yìn náà ni Baba Áyọ́ọ̀nù yóò ṣí mẹ́ta sílẹ̀ fún gbogbo ayé, yóò tún ṣí ẹyọ kan, yóò tún ṣí ẹyọ kan. Ṣáájú kí ilẹ̀ tó ṣí àti lẹ́yìn tí ó bá ṣí, ẹni tó bá fẹ́ lè fi bọ́tìnì sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ fi iye kan náà sílẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ á ju káàdì rẹ̀ nù. Ẹni tí márùn-ún rẹ̀ bá dára jù nínú méje ni yóò kó gbogbo rẹ̀.

Ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú kọjá kí Ìyá Kọ́là tó rí nǹkan. Ìbejì ni, mẹ́wàá àti mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi bọ́tìnì kan ṣoṣo náà bí ó ti máa ń lọ, ó fà á padà, ó sì ka mẹ́jọ sílẹ̀.

"Mẹ́jọ?" ni Agéṣọ wí. "Ìyá Kọ́là, ṣé ẹ kà á dáadáa?"

"Mo kà á."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi bọ́tìnì sílẹ̀ bí ẹni ń kán oògùn sójú?"

"Ìyá mi, ta ló ṣẹ̀ yín lónìí?" ni Alápò bi í. Ó wo káàdì rẹ̀, ó wo mẹ́jọ, ó sì ju káàdì nù. "Ẹ bá mi bẹ onítọ̀hún. Èmi ò ní dá sí i."

Àǹtí Páálí náà ju tirẹ̀. Agéṣọ, tí kì í jẹ́ kí káàdì kankan kọjá lójú òun lásán, tẹ̀lé e pẹ̀lú mẹ́jọ. Ilẹ̀ ṣí: méjì, mẹ́fà, mẹ́sàn-án. Ìyá Kọ́là ka mẹ́wàá sí i. Agéṣọ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ṣé kò sí ẹ̀dínwó níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó nígbà náà," ó sì jù ú nù.

Ohun tí Ìyá Kọ́là kó kò ju bọ́tìnì díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣe é ní kàyéfì bí ara òun ti fúyẹ́ tó. Ẹnikẹ́ni kò lé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ọba méjì dé nígbà tí ó ku bí ìdajì wákàtí. Àwọn méjèèjì dúdú, wọ́n sì ń wò ó lójú bí àlejò tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń retí. Ó tún ka mẹ́jọ sílẹ̀. Alápò sá. Agéṣọ tẹ̀lé e. Àǹtí Páálí náà tẹ̀lé e. Baba Áyọ́ọ̀nù ṣí ilẹ̀: méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àmì ọkàn pupa.

Ìyá Kọ́là wo ilẹ̀. Ẹni tó bá ní ọkàn pupa méjì lọ́wọ́ ti ní márùn-ún alámì kan náà. Ẹni tó bá ní mẹ́wàá àti jáàkì tó tẹ̀ lé e ti ní márùn-ún tó tò tẹ̀lé ara wọn. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ju ìbejì ọba lọ. Ó fi ìka kan tábìlì, èyí tó túmọ̀ sí pé kò fi nǹkan sílẹ̀.

"Ìyá Kọ́là ti rẹ̀ wálẹ̀," ni Agéṣọ wí, ó sì fi mẹ́wàá sílẹ̀.

Ó kan Àǹtí Páálí. Ó ka ogún sílẹ̀, ó tò ó bí ẹni ń to ṣẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ Ìyá Kọ́là. Ó wo ọba méjì náà. Láti àárọ̀ ni ó ti ń gbàdúrà fún wọn. Bí ó bá dúró tí ó sì jẹ, ó ti yan ọ̀sẹ̀ tán. Bí ó bá dúró tí kò jẹ, èbúté ti di ìtàn. Ó sì dà bíi pé ẹnì kan ń sọ fún un létí pé, ọba ni wọ́n o, o kò lè ju ọba nù.

"Ìyá mi, ẹ̀yin ni à ń dúró dè," ni Alápò wí pẹ̀lẹ́.

"Mo mọ̀." Ó dojú àwọn ọba dé, ó sì tì wọ́n sí àárín. "Ẹ máa bá ara yín ṣe é."

Agéṣọ fi mẹ́wàá kún tirẹ̀. Káàdì méjì tó kù ṣí, kò sì yí ohunkóhun padà. Agéṣọ fi tayọ̀tayọ̀ tẹ́ mẹ́wàá àti jáàkì sílẹ̀. "Márùn-ún tó tò. Ẹ kí mi."

"Ẹ kú ìnáwó," ni Àǹtí Páálí wí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láti àárọ̀, ó sì ṣí ọkàn pupa méjì.

Alápò fi orí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Agéṣọ wo ibi tí bọ́tìnì rẹ̀ gbà lọ. Ìyá Kọ́là kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí òun jù nù, ṣùgbọ́n ó ka bọ́tìnì tó kù níwájú rẹ̀. Bọ́tìnì mẹ́jọ péré ni ó bá ọba rìn.

* * *

"Èyí ni yóò kẹ́yìn," ni Baba Áyọ́ọ̀nù wí.

Ó kà á fún wọn kí ó tó pín in. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta wà níwájú Àǹtí Páálí. Ogójì wà níwájú Ìyá Kọ́là, bí ẹni pé kò tíì ta nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti àwọn méjì tó kù kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ẹyọ kan sílẹ̀, káàdì sì jáde.

Mẹ́sàn-án àti mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe ọba. Kì í ṣe ayaba. Ohun tí ó lè ṣubú lulẹ̀ lójú jáàkì kan ṣoṣo. Ó ka méjìlá sílẹ̀.

Agéṣọ wo káàdì rẹ̀ pẹ́. "Ẹ wò ó, mo ti ní ẹ̀kọ́ lónìí," ni ó wí, ó sì jù ú nù.

"Ọ̀gá ju káàdì nù," ni Alápò wí. "Ẹ kọ ọ́ sára ògiri." Òun náà ju tirẹ̀. "Mi ò mọ ẹni tó gba Ìyá mi nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ pàdé rẹ̀."

Àǹtí Páálí ka méjìlá sílẹ̀. Ilẹ̀ ṣí: mẹ́ta, mẹ́fà, jáàkì.

Àǹtí Páálí fi ìka kan tábìlì.

Ìyá Kọ́là wo jáàkì náà. Ó lè jẹ́ pé jáàkì wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Bí òun bá kan tábìlì, káàdì méjì ni yóò tún ṣí lọ́fẹ̀ẹ́, èyíkéyìí nínú wọn sì lè gbá òun lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń lé òun báyìí. Nínú ẹni mẹ́ta, ó ti dín méjì kù. Ó fi apá gbá gbogbo ohun tó kù níwájú rẹ̀ sí àárín.

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ni Baba Áyọ́ọ̀nù kà.

Àǹtí Páálí gbé ojú sókè.

"Ìyá Kọ́là."

"Àǹtí."

"Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

"Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹ kò ṣe báyìí rí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá yín ta á."

"Mo gbà."

"Bí ẹ bá mú nǹkan gidi, ẹ máa ń dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wá ń pariwo yìí, ṣé òfìfo ni, àbí kò ṣófo?"

"Ẹ san án, ẹ ó rí i."

Alápò súfèé jẹ́jẹ́, Baba Áyọ́ọ̀nù sì wò ó títí ó fi dákẹ́. Àǹtí Páálí tún wo káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wo òkìtì tó wà níwájú òun, ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo ojú Ìyá Kọ́là. Ìyá Kọ́là kò yí ojú padà. Òógùn ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rí i.

"Áàsì àti ọba," ni Àǹtí Páálí wí nígbẹ̀yìn, ó sì ṣí i fún wọn. "Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò tíì so ìbejì. Mi ò ní fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wo bóyá yóò so." Ó tì í sí àárín.

Baba Áyọ́ọ̀nù kò yára. Ó kà á, ó tún un kà. "Àǹtí Páálí, mọ́kànléláàádọ́ta. Ìyá Kọ́là, márùndínlọ́gọ́ta."

"Mẹ́rin," ni Agéṣọ wí. "Bọ́tìnì mẹ́rin. Kò tó bọ́tìnì ọwọ́ ẹ̀wù."

"Ìyá mi, ẹ bá wa ṣí i, ẹ jọ̀ọ́," ni Alápò wí. "Oorun kò ní kùn mí lálẹ́."

Ó ṣí i. Àwọn mẹ́sàn-án méjèèjì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì.

"Mẹ́sàn-án lásán," ni Alápò wí.

"Mẹ́sàn-án lásán ni."

Àǹtí Páálí wò wọ́n, ó wo áàsì àti ọba tirẹ̀, ojú tí kì í yí padà náà sì yí díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Ó tọ́ sí yín," ni ó wí.

Baba Áyọ́ọ̀nù ṣí ìwé. Ìyá Kọ́là kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tẹ kálámù náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi hàn ní ojú ìwé kejì. Àǹtí Páálí mú ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn tó kù gba ohun tó kù.

"Ó ti wà nínú ìwé báyìí," ni Agéṣọ wí. "Ẹnu ti ṣí. Èmi, ẹja ni mo fẹ́ lọ pa."

"Èmi, mo fẹ́ sùn," ni Àǹtí Páálí wí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Ọjọ́ méje náà yóò tó. Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá Kọ́là?"

"Ọmọ mi ni. Ọkọ̀ wọn fẹ́ gúnlẹ̀."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó ní ọmọ. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó ti rí i kẹ́yìn.

"Ọdún mélòó?" ni Agéṣọ bi í.

"Mẹ́ta, ó lé díẹ̀."

Agéṣọ dìde, ó fa ìrépé aṣọ funfun kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ, ó sì fi ọwọ́ pa á. "Èyí tó ṣẹ́kù lára ti ilé ìwòsàn rèé. Ó tó ṣẹ́ẹ̀tì kan. Màá gé e lónìí, Alápò á kan àpò sí i, Baba á lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ó rán kọ́là. Mélòó ni ọrùn rẹ̀?"

Ìyá Kọ́là fi ọwọ́ kan téèpù ìwọnṣọ tó fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ọgọ́rin ọrùn lóòjọ́ ni ó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ti gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìlú náà.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó lọ. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà."

"Ọkùnrin tó ń gbé irin lójoojúmọ́? Kò ní tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́," ni Alápò wí.

"Kí ni ká wá ṣe báyìí?" ni Agéṣọ bi í.

"Ẹ gé ara rẹ̀ kó fẹ̀. Ẹ fi ibi ọrùn sílẹ̀." Ó fa téèpù kúrò ní ọrùn ara rẹ̀, ó ká a rogodo, ó sì sọ ọ́ sínú àpò tó máa ń gbé lọ sílé. "Bí mo bá dé ọ̀hún, màá wọ̀n ọ́n."

Baba Áyọ́ọ̀nù wo aago. Wákàtí ti pé. Wọ́n kó bọ́tìnì padà sínú agolo, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́là mọ́kàndínlógójì ṣì ń dúró de Ìyá Kọ́là. Ó mú àkọ́kọ́, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì, maṣíìnì náà sì gbéra.